Iyèkan àti Ọbàkan Nínú Kọ̀ǹpútà: Bí Ètò Adarí Ṣe Ń Ka Ọpọlọ Tí Ó sì Ń Pín Iṣẹ́ fún Wọn

Ìfáárà

Nígbà tí a kọ́kọ́ sọ kọ̀ǹpútà ní ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá, orúkọ náà bá ẹ̀rọ ìgbà náà mu. Eré rẹ̀ ni ó ń ya ènìyàn lẹ́nu. Ṣíìpù tí ó bá jáde lọ́dún yìí a máa sáré ju ti èṣí lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ tètè parí kò ní ju kí ó ra èyí tí ó jáde kẹ́yìn. Àṣá kan ṣoṣo ni, apá rẹ̀ ni ó ń le sí i. Ní ọdún 2004, ilé-iṣẹ́ Intel kéde pé òun ti jáwọ́ nínú èrò láti ta ṣíìpù Pentium 4 tí yóò máa sáré dé gigahertz 4. Orí 3.8 ni ó dúró sí. Ooru ni ó fa ìdádúró yìí: bí eré ṣíìpù ti ń pọ̀ ni iná tí ó ń jẹ ń pọ̀, tí ooru tí ó ń mú jáde sì ń kọjá ohun tí abẹ̀bẹ̀ inú kọ̀ǹpútà lè fẹ́ kúrò. Ní ọdún 2005, Intel àti AMD bẹ̀rẹ̀ sí í ta ṣíìpù kan tí ó ní ọpọlọ méjì nínú fún àwọn tí ń lo kọ̀ǹpútà nílé àti ní ọ́fíìsì. IBM ti ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ẹ̀rọ ńlá ní ọdún 2001. Láti ìgbà náà, àṣá inú kọ̀ǹpútà kì í ṣe ẹyọ kan mọ́. Ọ̀wọ́ àṣá ni.

Orúkọ tí a fún ẹ̀rọ náà kò sọ èyí fún wa, kò sì sí ẹni tí yóò dá orúkọ lẹ́bi fún un. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí a fi ń ṣàlàyé inú ẹ̀rọ náà ní èdè Yorùbá lè ṣi ni lọ́nà, wọ́n sì lè gba owó lọ́wọ́ ẹni. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní agbègbè tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ń gbé, mo bá akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀. Ẹni tí ń tà á sọ pé ọpọlọ mẹ́rin ni ó wà nínú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó dá yín lójú?” Kò bínú. Ó ṣí ojú-ìwé tí Windows ti máa ń to àwọn ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà, ó tẹ orí ọ̀rọ̀ náà, ìlà mẹ́rin sì jáde ní tòótọ́, tí orúkọ ṣíìpù kan náà, Core i5-6200U, wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. “Ẹ kà á fúnra yín, mẹ́rin gbáko.” Ọkùnrin náà kò purọ́. Ohun tí ẹ̀rọ fi hàn án ni ó kà. Ṣùgbọ́n ọpọlọ méjì péré ni ó wà nínú ṣíìpù náà.

Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ ṣe ni láti ṣàlàyé ibi tí mẹ́rin náà ti wá: bí ètò adarí, irú bíi Windows àti Linux, ṣe ń mọ iye ọpọlọ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, àti bí ó ṣe ń lò wọ́n. Ó tún fẹ́ dá àbá lórí ohun méjì tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní core àti logical processor, tí àwa sì sábà máa ń pe méjèèjì ní ọpọlọ. Àwọn ìwé èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé àti Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú wọn ti fún wa ní ọ̀rọ̀ tí a fi ń kọ́ni ní gírámà àti lítíréṣọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá gbé kálámù báyìí. Nínú iṣẹ́ yìí, ọpọlọ ni a ó máa pe core. Ìjókòó ni a ó máa pe logical processor, ìdí rẹ̀ yóò sì hàn níwájú.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ jí

Ìtàn ìtẹ̀dó Ògbómọ̀ṣọ́ sọ pé nígbà tí Ògúnlọlá ọdẹ fi ìdí kalẹ̀ sí abẹ́ igi àjàgbọn, ó rí èéfín tí ń rú láti inú igbó ní ọ̀nà jíjìn. Ó tọ èéfín náà lọ, ó sì rí i pé òun nìkan kọ́ ni ó wà níbẹ̀. Àwọn ọdẹ mẹ́rin mìíràn ti dáná sí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn márààrún da ẹgbẹ́ pọ̀, kí wọ́n lè jọ máa ṣọdẹ, kí wọ́n sì jọ gba ara wọn lọ́wọ́ ọ̀tá.

Nígbà tí a bá tẹ bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà, ọpọlọ kan ṣoṣo ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ẹgbàágbèje ọpọlọ bá wà nínú ẹ̀rọ náà, àwọn tó kù yóò dúró jẹ́ẹ́, wọn kò ní ṣe ohunkóhun àfi kí a pè wọ́n. Àwọn ọpọlọ fúnra wọn ni wọ́n ń fi ọgbọ́n inú ẹ̀rọ yan ẹni tí yóò ṣáájú, kí ètò kankan tó dé ibẹ̀. Ètò kékeré tí àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà náà ti kọ sínú rẹ̀ ni aṣáájú yìí yóò kọ́kọ́ máa ṣe. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní ètò àkọ́jí. Lára iṣẹ́ rẹ̀ ni wíwá èéfín. Lórí àwọn ṣíìpù Intel àti AMD, ètò àkọ́jí yóò ké sí gbogbo ẹni tí ó bá lè gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọpọlọ kọ̀ọ̀kan tí ó bá jí yóò fi ọ̀kan kún òǹkà kan nínú àká ìrántí, yóò sọ nọ́ńbà ara rẹ̀, yóò sì padà sùn. Lẹ́yìn èyí, ètò àkọ́jí yóò kọ orúkọ gbogbo wọn sínú tábìlì kan.

Tábìlì yìí ni Windows tàbí Linux máa ń bá nílẹ̀. Kò sí èéfín tí òun fúnra rẹ̀ ń wá. Ní ọdún 1994, Intel gbé ìlànà kan jáde nípa bí a ó ṣe máa kọ irú tábìlì bẹ́ẹ̀, kí ètò adarí kan náà lè ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tí ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣe. Ní ìparí ọdún 1996, Intel, Microsoft àti Toshiba gbé ìlànà tí ó gbòòrò ju ìyẹn lọ jáde, tí a ń pè ní ACPI, òun ni a sì ń lò títí di òní. Nínú rẹ̀, ìlà kọ̀ọ̀kan sọ ohun méjì tí ó ṣe pàtàkì: nọ́ńbà tí a fi ń ránṣẹ́ sí ìjókòó náà, àti bóyá a lè lò ó tàbí a kò lè lò ó. Fóònù tiwa ń ṣe é lọ́nà mìíràn. Ẹni tí ó ṣe fóònù náà ti mọ iye ọpọlọ tí ó wà nínú rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́, nítorí náà àkọsílẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí a tó ta á, ètò adarí yóò kàn kà á ni.

Kíkà nìkan kò tó, pípè ni ó kù. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, bí Aláàfin bá ní ọ̀rọ̀ fún ẹni tí ó wà lọ́nà jíjìn, ìlàrí ni yóò rán. Bí ó bá sì jẹ́ àrokò ni ó fi rán an, ohun kékeré tí ó wà lọ́wọ́ ìránṣẹ́ náà ni yóò sọ gbogbo ohun tí olúwarẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe. Ìpè tí aṣáájú ń rán sí àwọn ọpọlọ yòókù kéré bẹ́ẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ń sọ pé kí ẹni tí ó gbà á gbàgbé ohun gbogbo tí ó ti ń ṣe, kí ó dà bí ẹni tuntun. Èkejì kò ní ju nọ́ńbà kan ṣoṣo lọ nínú, láàárín òdo àti 255. Nọ́ńbà yìí ni ó ń júwe ibi tí olúwarẹ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà nínú àká ìrántí, ó sì di dandan kí ibẹ̀ wà nínú mẹ́gábáìtì àkọ́kọ́, nítorí pé nọ́ńbà kékeré bẹ́ẹ̀ kò lè júwe ibi tí ó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun kan wà níbí tí ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ọpọlọ tí a ṣe ní ọdún tí a wà yìí, bí a bá jí i lọ́nà yìí, kò mọ̀ pé ayé ti yí padà. Bí ṣíìpù 8086 ti ọdún 1978 ni ó ṣe ń jí: bíìtì 16 ni ó mọ̀, kò mọ ìdáàbòbò kankan, mẹ́gábáìtì kan péré ni ó rò pé ó wà láyé. Ètò adarí ni yóò fà á lọ́wọ́ bọ́ sí bíìtì 32, lẹ́yìn náà sí 64, kí ó tó mú un wọ ẹgbẹ́. Ìgbésẹ̀ wọ̀nyí ń ṣẹlẹ̀ lórí ọpọlọ kọ̀ọ̀kan, ní gbogbo ìgbà tí a bá tan kọ̀ǹpútà. Bí ọpọlọ kan bá sì wà nínú tábìlì ṣùgbọ́n tí kò dáhùn ìpè, aṣáájú yóò dúró dè é fún àkókò tí a ti dá, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò jẹ́ ìpè, yóò sì máa bá iṣẹ́ lọ láìsí i.

Iyèkan àti ọbàkan

Títí dé ibí yìí, orúkọ lásán ni ètò adarí ní. Ó mọ̀ pé àwọn mẹ́rin wà. Kò tíì mọ bí wọ́n ṣe bá ara wọn tan. Láti mọ èyí, ẹnì kọ̀ọ̀kan ni yóò bi ara rẹ̀ léèrè. Àṣẹ kan wà nínú ṣíìpù Intel àti AMD tí a ń pè ní CPUID. Ọpọlọ tí ó bá ṣe àṣẹ náà yóò gbọ́ ìròyìn nípa ara rẹ̀, títí kan bí a ó ṣe túmọ̀ nọ́ńbà rẹ̀. Nítorí pé nọ́ńbà náà kì í ṣe nọ́ńbà lásán. Bí a bá ń wá ẹnì kan ní Ọ̀yọ́, agboolé ni a kọ́kọ́ máa ń béèrè, lẹ́yìn náà ni a ó béèrè ẹni tí ó bí i lọ́mọ nínú agboolé náà, kí a tó wá dé orí orúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni a ṣe to nọ́ńbà yìí. Láptọ́ọ̀pù akẹ́kọ̀ọ́ wa ní nọ́ńbà mẹ́rin: òdo, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Bí a bá kọ wọ́n ní ìlànà oníbejì tí kọ̀ǹpútà ń lò, wọ́n di 00, 01, 10, 11. Àmì apá òsì ń sọ ọpọlọ tí a wà lára rẹ̀, ti apá ọ̀tún sì ń sọ ìjókòó. Ẹni méjì tí àmì apá òsì wọn bá dọ́gba, ara ọpọlọ kan náà ni wọ́n wà. Àmì apá òsì méjì péré ni ó wà níbẹ̀, òdo àti ọ̀kan. Ọpọlọ méjì nìyẹn, ìjókòó mẹ́rin.

Kí ni ó ń jẹ́ ìjókòó, tí ọpọlọ kan fi lè ní méjì? Ọlọ kò wọ́pọ̀ mọ́ ní Ọ̀yọ́ láti ìgbà tí àwọn alọta ti gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ sí ọjà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti lọ ata rí yóò tètè mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ìyá kan ní ọlọ kan. Ọmọ rẹ̀ obìnrin méjì fẹ́ lọ nǹkan: ọ̀kan ní igbá ata, èkejì ní igbá ẹ̀gúsí. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá ti lọ díẹ̀, omi rẹ̀ tán, ó ní láti lọ pọn ọn wá. Bí ó bá jẹ́ òun nìkan ni ó jókòó ti ọlọ, ọlọ náà yóò dúró lásán títí tí yóò fi dé. Ṣùgbọ́n bí èkejì bá ti jókòó sí òdìkejì, tí igbá tirẹ̀ ti wà nílẹ̀, kíá ni yóò fa ọlọ sọ́dọ̀. Ọlọ kò sinmi. Ọlọ kò sì di méjì.

Omi pípọn nínú kọ̀ǹpútà ni kí ọpọlọ ránṣẹ́ lọ mú nǹkan wá láti àká ìrántí. Ìgbésẹ̀ kan ọpọlọ kì í gbà tó ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá, ṣùgbọ́n ìrìn-àjò lọ sí àká ìrántí àti àbọ̀ lè gbà tó ọgọ́rùn-ún irú àkókò bẹ́ẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọpọlọ ìbá jókòó lásán ní gbogbo àkókò náà. Ní ọdún 2002, Intel gbé ìjókòó méjì fún ọpọlọ kan jáde nínú ṣíìpù Xeon àti Pentium 4. Ohun tí wọ́n fi kún ọpọlọ kò ju igbá kejì lọ, èyíinì ni àyè tí iṣẹ́ kejì yóò máa tọ́jú òǹkà àti ipò rẹ̀ sí. Kò tó ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún fẹ̀ṣíìpù náà. Intel fúnra rẹ̀ sọ pé èrè tí ó wà níbẹ̀ lè tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún fún àwọn iṣẹ́ kan. Ìdá 30 ni wọ́n sọ, wọn kò sọ pé ìlọ́po méjì. Bí iṣẹ́ méjèèjì bá jẹ́ irú èyí tí kì í pọn omi, tí ó ń lọ ata láti òwúrọ̀ di alẹ́, èrè náà lè kéré gan-an. Wọ́n tilẹ̀ lè máa dí ara wọn lọ́wọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi yan ìjókòó. Ó ń sọ pé àyè wà fún ẹni tí yóò ṣiṣẹ́, kò sọ pé irinṣẹ́ mìíràn wà. Àwọn kan ti dá a lábàá pé kí a tú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà gẹ́lẹ́, kí a pè é ní ọpọlọ àfòyemọ̀ tàbí irú rẹ̀. N kò fara mọ́ ọn. Ẹni tí ń tajà ní Ògbómọ̀ṣọ́ yóò gé àfòyemọ̀ kúrò lẹ́nu lọ́jọ́ kejì, ọpọlọ ni yóò sì ṣẹ́kù, a ó sì padà sí ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ti ìbátan tí ó wà láàárín àwọn ìjókòó, a kò ní láti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kankan, nítorí èdè wa ti ní i tipẹ́. Àwọn tó kọ Linux ń pe àwọn ìjókòó tó bá ara wọn tan ní siblings. Ní ibì kan, àwọn tí wọ́n wà lórí ọpọlọ kan náà ni ọ̀rọ̀ yìí ń tọ́ka sí. Ní ibòmíràn, gbogbo àwọn tí wọ́n wà nínú ṣíìpù kan náà ni. Ọ̀rọ̀ kan náà fún ìbátan méjì ti da ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rú. Nínú agboolé olóbìnrin púpọ̀, a kì í fi wọ́n pè ara wọn. Iyèkan ni àwọn ọmọ ìyá kan. Ọbàkan ni àwọn tí baba kan bí láti inú ìyá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn iyèkan jọ ń lo ọlọ ìyá wọn àti ìkòkò inú yàrá rẹ̀. Àwọn ọbàkan kò jọ lo ọlọ, ṣùgbọ́n wọ́n jọ ń bu omi nínú àmù ńlá tí ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ baba. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí nínú ọ̀pọ̀ ṣíìpù tí a ń tà: àwọn ìjókòó orí ọpọlọ kan jọ ń lo àwọn àpò ìrántí kéékèèké tí ó sún mọ́ ọpọlọ náà jù lọ, gbogbo ọpọlọ inú ṣíìpù sì jọ ń lo àpò ńlá kan tí ó jìnnà díẹ̀. Òdo àti ọ̀kan nínú láptọ́ọ̀pù wa, iyèkan ni wọ́n. Òdo àti méjì, ọbàkan.

Apínṣẹ́

Apá kan nínú ètò adarí ni ó ń pinnu ìjókòó tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò lọ, fún ìgbà wo. Apínṣẹ́ ni a ó pè é. Ìbátan tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí ni ó ń wò. Bí iṣẹ́ méjì bá délẹ̀ tí ìjókòó mẹ́rin ṣófo, òmùgọ̀ apínṣẹ́ yóò kó wọn sórí òdo àti ọ̀kan, àwọn iyèkan méjì yóò máa fa ọlọ kan mọ́ ara wọn lọ́wọ́ nígbà tí ọlọ kejì wà nílẹ̀ lásán. Apínṣẹ́ tí ó mọ ìdílé yóò fi ọ̀kan sí òdo, èkejì sí méjì. Irú àṣìṣe yìí ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́. Windows 2000 ti jáde kí ìjókòó méjì tó dé, kò mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ọpọlọ, ó sì ń ka ìjókòó mọ́ iye ọpọlọ tí ìwé àṣẹ ẹni tí ó rà á gbà láàyè. Ẹni tí ó sanwó fún méjì lè rí i pé àwọn iyèkan kan ṣoṣo ti gba àyè méjèèjì. Nítorí èyí ni ìlànà ACPI ṣe gbà àwọn tó ń kọ tábìlì níyànjú pé kí wọ́n kọ ìjókòó àkọ́kọ́ ti ọpọlọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ná, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìjókòó kejì. Ẹni tí kò bá tilẹ̀ mọ ìdílé yóò kọ́kọ́ bá àwọn ọbàkan pàdé.

Linux kọ́ ẹ̀kọ́ tirẹ̀ lọ́nà gígùn. Ẹ̀dà 2.0 tí ó jáde ní ọdún 1996 ni ó kọ́kọ́ lè lo ọpọlọ tí ó ju ọ̀kan lọ, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ni ó ṣe fún gbogbo inú ara rẹ̀. Ọpọlọ tí ó bá fẹ́ kí ètò adarí ṣe ohunkóhun fún un gbọ́dọ̀ gba kọ́kọ́rọ́ náà. Àwọn tó kù yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà náà, nítorí bí ọpọlọ méjì bá ń kọ sí ojú ibì kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, àkọsílẹ̀ yóò bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ilé tí ó ní yàrá ogún, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, ènìyàn yóò tò síta. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ kéékèèké sí yàrá kọ̀ọ̀kan, ọdún 2011 ni wọ́n sì yọ ìyókù kọ́kọ́rọ́ ńlá náà kúrò pátápátá, nínú ẹ̀dà 2.6.39. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó gbà wọ́n.

Láti ẹ̀dà 2.6 ti ọdún 2003, ìjókòó kọ̀ọ̀kan ní ìlà iṣẹ́ tirẹ̀. Bí ìlà ẹnì kan bá gùn tí ti ẹlòmíràn sì ṣófo, ẹni tí kò rí iṣẹ́ ṣe yóò lọ bù nínú ti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí. Kì í ṣe ibikíbi ni ó ti ń bù. Ọ̀dọ̀ ìbátan tí ó sún mọ́ ọn jù ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ tí a bá gbé láti ọ̀dọ̀ iyèkan sí iyèkan yóò bá ohun èlò rẹ̀ nínú àpò ìrántí tí ó ti ń lò. Bí ó bá lọ sọ́dọ̀ ọbàkan, yóò tún wọn kó láti inú àmù baba. Bí ó bá lọ sí agboolé mìíràn, èyíinì ni ṣíìpù mìíràn nínú àwọn ẹ̀rọ ńlá, ìrìn-àjò náà gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Windows ń ṣe ohun tí ó jọ èyí, òun náà sì ti lè lo ọpọlọ púpọ̀ láti ìgbà NT 3.1 ní ọdún 1993. Ó ní ààlà kan tí ó wuni láti mọ̀: nọ́ńbà oníbíìtì 64 kan ni ó fi ń ṣe àkọsílẹ̀ àwọn ìjókòó, bíìtì kan fún ìjókòó kan. Nígbà tí ẹ̀rọ tí ìjókòó rẹ̀ ju 64 lọ dé, ní ọdún 2009, ṣe ni wọ́n pín wọn sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà tún ti le sí i, nítorí ọlọ kò dọ́gba mọ́. ARM gbé ìlànà pípa ọpọlọ ńlá pọ̀ mọ́ kékeré jáde ní ọdún 2011, èyí tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù ọwọ́ wa. Intel ṣe irú rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà ní ọdún 2021. Core i5-1235U, fún àpẹẹrẹ, ní ọpọlọ ńlá méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìjókòó méjì, àti ọpọlọ kékeré mẹ́jọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìjókòó kan. Ọpọlọ 10, ìjókòó 12. Ẹni tí ó ti há a sórí pé kí a kàn pín iye ìjókòó sí méjì yóò sọ pé mẹ́fà ni. Àwọn ṣíìpù kan sì wà tí ìjókòó wọn kò ju ẹyọ kan lọ fún ọpọlọ kan: Intel yọ ìkejì kúrò nínú àwọn kan tí ó ṣe fún láptọ́ọ̀pù ní ọdún 2024. Ní ọdún 2018, àwọn tó ń ṣe OpenBSD ti kọ ìjókòó kejì ní tiwọn, nítorí ẹ̀rù ààbò: àwọn iyèkan tí wọ́n jọ ń lọ nǹkan lórí ọlọ kan lè tọ́ ata ara wọn wò.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ọwọ́ kò ti ràn

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé a fẹ́ ṣe èlùbọ́. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá jókòó ti òkìtì iṣu kan, bíbẹ rẹ̀ kò ní pẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá sá a sí oòrùn, ènìyàn mẹ́wàá àti ẹnì kan dọ́gba. Iye ọjọ́ tí yóò fi gbẹ ni yóò fi gbẹ. Gene Amdahl ni ó ṣàlàyé èyí fún àwọn oníkọ̀ǹpútà ní ọdún 1967. Bí iṣẹ́ kan bá gba wákàtí 10 lórí ọpọlọ kan, tí wákàtí 2 nínú rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí a kò lè pín, ọpọlọ mẹ́rin yóò ṣe é ní wákàtí 4: 2 tí a kò lè pín, àti 8 tí a pín sí mẹ́rin. Ọpọlọ mẹ́jọ yóò ṣe é ní wákàtí 3. Bí a bá ra ẹgbẹ̀rún, wákàtí 2 náà ṣì ń dúró dè wá.

Èyí kàn wá nínú iṣẹ́ ìmọ̀ Yorùbá ju bí a ti rò lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń kó àkójọ ọ̀rọ̀ jọ, wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan jẹyọ, wọ́n ń fi ètò ṣe àmì ohùn sórí ìwé tí kò ní i, wọ́n ń gé ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Ọ̀pọ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣeé pín dáadáa, nítorí ìwé kan kò ní láti dúró de èkejì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ètò tí a kọ ní èdè Python bá béèrè pé ẹni mélòó ni ó wà nílé, kí ó lè mọ iye òṣìṣẹ́ tí yóò gbé dìde, iye ìjókòó ni cpu_count máa ń dá a lóhùn. Lórí láptọ́ọ̀pù akẹ́kọ̀ọ́ wa, mẹ́rin ni yóò gbọ́. Yóò gbé òṣìṣẹ́ mẹ́rin dìde, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò gba àyè tirẹ̀ nínú àká ìrántí, bí ẹni kọ̀ọ̀kan bá sì gbé odindi àkójọ ọ̀rọ̀ náà dání, àká yóò kún, kọ̀ǹpútà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù lọ kó ẹrù bọ̀ láàárín àká ìrántí àti dísìkì, iṣẹ́ tí ìbá parí ní ìrọ̀lẹ́ yóò sì wọ ọjọ́ kejì. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé ọlọ méjì ni ó ní yóò fi òṣìṣẹ́ méjì bẹ̀rẹ̀, yóò wo bí ó ti ń lọ, kí ó tó fi ìkẹta kún un.

Láti mọ iye tí ó wà lọ́wọ́ ẹni kò le. Nínú Windows, ojú-ìwé tí ń fi hàn bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣiṣẹ́, tí a ń pè ní Task Manager, máa ń kọ iye méjèèjì sí abẹ́ àwòrán CPU, ọ̀kan lábẹ́ èkejì. Nínú Linux, àṣẹ lscpu yóò kọ iye ìjókòó fún ọpọlọ kan, iye ọpọlọ fún ṣíìpù kan, àti iye ṣíìpù sí ìlà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. A kò kúrò ní ìsọ̀ ọkùnrin náà ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ yẹn kí a tó ṣí Task Manager níwájú rẹ̀. Ó wo méjì, ó wo mẹ́rin, ó bi akẹ́kọ̀ọ́ náà pé kí ni ìyàtọ̀ wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ní Gẹ̀ẹ́sì, ó dúró, ó sì tún un bẹ̀rẹ̀ láti orí ọlọ ìyá rẹ̀.